Orí Kẹfà: Sẹ́ẹ̀lì Mast, Oníbodè Ara

Ata àti ẹ̀pà

Bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ohun mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ pàdé imú rẹ̀: eruku pupa tí ọkọ̀ ń tú sókè, èéfín epo tó ń gbóná nínú agbada alákàrà, àti ata gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ata yẹn kì í ṣojúsàájú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá á sín, omi á bọ́ lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí Bẹyẹrunka, ì báà jẹ́ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ogún ọmọ iléèwé jókòó ti gúgúrú àti ẹ̀pà. Mọ́kàndínlógún lè jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tún béèrè òmíràn, kí ètè ẹnì kan ṣoṣo tó kù máa wú, kí ara rẹ̀ sú, kó máa yún un, kí èémí rẹ̀ sì há.

Kí ló dé tí ata fi ń bá gbogbo ayé jà, tí ẹ̀pà sì mú ẹnì kan ṣoṣo? Lórí ìbéèrè yìí ni orí yìí dúró. Ata ń ta iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú imú lójú ẹsẹ̀; kò dìgbà tí ara bá ti mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀pà ní tirẹ̀ kò ní ohun tó fi ń ta èèyàn. Ara ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló dìde sí i, nítorí pé ó ti pàdé rẹ̀ rí, ó sì ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀tá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́nà de ọ̀tá náà, tó sì ń fọn fèrè ogun nígbà tó bá rí i, là ń pè ní sẹ́ẹ̀lì mast.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tó bá ohun tí à ń sọ yìí mu ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àyálò lọ. Wọ́n ní èèwọ̀ a máa hun ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ohun tí agbo ilé kan ń jẹ, tó ń ṣe wọ́n lóore, lè hun aládùúgbò wọn. Inú “hun” yìí la ti rí ẹ̀hun, ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò nínú ìwé yìí fún ìjà tí ara ń gbé ko ohun tí kò wá bá a jà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ibi tó jókòó sí

Nígbà tí Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká ní 1858, àárín ọjà kọ́ ni oníbodè jókòó sí. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ti Ìjẹ̀bú, ti Ọ̀yọ́ àti ti Ìwó ni bodè wà, níbi tí ará ìta ti ń wọlé tọ ará ilé wá. Kò di dandan kí oníbodè jẹ́ akọni ogun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ ojú àlejò, kó sì figbe ta bó bá rí èyí tí ojú rẹ̀ kò gbà, kí àwọn ológun inú ìlú lè jáde.

Báyìí gan-an ni sẹ́ẹ̀lì mast ṣe wà nínú ara. Ẹ ò lè rí èyí tó ti gbó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀ bíi ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù, ṣùgbọ́n èwe ló ṣì jẹ́ nígbà tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ibi tó bá fìdí kalẹ̀ sí ló ti ń dàgbà: abẹ́ awọ ara, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú imú àti ti ẹyinjú, ara ọ̀nà èémí, ògiri ìfun. Gbogbo ibi tí ayé ti ń kan èèyàn lára ló wà. Ó sì fẹ́ràn kó sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, nítorí àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní fún oṣù mélòó kan. Bó bá sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde tán, kì í sábà kú. Á tún àpò rẹ̀ kún padà.

Ó ní ìbátan kan tó ń jẹ́ basophil, tí inú ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbé. Àwọn méjèèjì jọra débi pé fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ọ̀kan ń di èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Aró tó tú àṣírí rẹ̀

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ Ìbàdàn mọ̀ pé aró kì í mú lára gbogbo aṣọ bákan náà. Àwọn aláàdìrẹ ìlú yìí kan náà ni wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ibi tí ẹ̀kọ bá sì ti dí aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀. Irú ìmọ̀ aró bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ayé rí sẹ́ẹ̀lì mast. Ní 1878, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jámánì, Paul Ehrlich, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní Yunifásítì Leipzig lórí bí aró aniline ṣe ń mú lára ẹran ara. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí kóró kéékèèké kún inú wọn fọ́fọ́. Bí aró bá kan kóró wọ̀nyẹn, kì í gba àwọ̀ tó yẹ kó gbà. Títí di òní, bí ẹ bá fi aró búlúù tí wọ́n ń pè ní toluidine blue rẹ ẹran ara, gbogbo ibi tó kù á di búlúù, ṣùgbọ́n kóró inú sẹ́ẹ̀lì mast á di àwọ̀ elésèé àlùkò lójú máíkírósíkóòpù. Heparin tó wà nínú kóró náà ló ń fa ìyípadà àwọ̀ yìí.

Ehrlich rò pé oúnjẹ ló kún inú sẹ́ẹ̀lì náà, pé ẹran ara ń fi í bọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pè é ní Mastzelle, nítorí “Mast” ní èdè Jámánì jẹ mọ́ fífi oúnjẹ bọ́ ẹran títí yóò fi sanra. Ó ṣì orúkọ sọ, ṣùgbọ́n ohun tó rí ní ojú tó. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1908, òun àti Élie Metchnikoff jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ lórí bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpò

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ nínú àpò náà, ìyẹn kóró tí Ehrlich rí, ni histamine. Henry Dale àti Patrick Laidlaw, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàlàyé ní 1910 ohun tí histamine ń ṣe sí ẹranko tí wọ́n bá fún un lábẹ́rẹ́: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, èémí rẹ̀ á há. Síbẹ̀, ó di 1953 kí James Riley àti Geoffrey West tó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì mast ni histamine inú ẹran ara ń gbé. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn tí Ehrlich rí kóró náà ni ayé tó mọ̀ pé histamine wà nínú rẹ̀.

Bí histamine bá tú jáde, ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ó sì ń jẹ́ kí omi inú wọn jò sí ẹran ara; ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń wú. Ó ń ta iṣan ìmọ̀lára, ara á sì máa yún. Bó bá jẹ́ inú ọ̀nà èémí ló ti tú, ẹran tó yí ọ̀nà náà ká á fún un pa, ikun á pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn á máa súfèé bó ṣe ń jáde. Bó bá jẹ́ inú ìfun, inú á máa lọ́ èèyàn, á sì lè ṣu gbuuru tàbí kó bì.

Histamine nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Tryptase wà, tí dókítà lè wò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ìdààmú láti mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì mast ló dá a sílẹ̀. Heparin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan wà. TNF wà pẹ̀lú, tó jẹ́ ìpè fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun. Kóró tó wà nílẹ̀ máa ń tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwọn òróró bíi leukotriene àti prostaglandin. Tó bá tún di wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ránṣẹ́ pè á ti dé, ìjà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ásímà mọ èyí dáadáa: èémí ọmọ á ti dẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé á ti sùn, á sì tún há ní òru. Ìgbì kejì nìyẹn.

Ẹ lè rí iṣẹ́ histamine lára ara yín láìsí ohun èlò kankan. Ẹ fi èékánná fa ìlà kan sí apá, kí ẹ má jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀. Ìlà á hàn. Láìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbóná díẹ̀. Lára àwọn mìíràn ojú ìlà náà á wú. Thomas Lewis ló ṣàlàyé ìpele mẹ́ta yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1927. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí sọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ní kí ẹ wá ibi tó pupa. Lára àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn. Lára awọ dúdú, pupa kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, dókítà tó bá ń dúró de pupa lè rán aláìsàn lọ sílé láìtọ́jú rẹ̀. Ẹ fi ìka yín tọ́ ọ wò. Wíwú àti gbígbóná kì í fi ara pamọ́ fún ìka.

IgE

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì mast ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó figbe ta sí? Àǹtíbọ́dì kan ló ń sọ fún un. Kimishige Ishizaka àti ìyàwó rẹ̀ Teruko ṣàwárí rẹ̀ ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ní 1966. Gunnar Johansson àti Hans Bennich náà rí i ní Uppsala, ní Sweden, ní nǹkan bí àkókò kan náà. Ní 1968 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi orúkọ IgE sọ ọ́. Ó kéré jù lọ nínú gbogbo àǹtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì mast, á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó jẹ ẹ̀pà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ bá ẹ̀pà pàdé, kò sí ohun tó ṣe é lójú wa. Lábẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ṣe IgE tó dá ẹ̀pà nìkan mọ̀, IgE yẹn sì lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mast káàkiri ara rẹ̀. Ní ìgbà mìíràn tí ẹ̀pà bá dé, èròjà rẹ̀ kan ṣoṣo á di IgE méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn mú pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ọwọ́ ìlẹ̀kùn méjì mú. Bí IgE kan ṣoṣo bá mú un, kò sí nǹkan. Àfi kí méjì so pọ̀ kí àpò tó tú. Ìdí nìyí tí ìyá ọmọ fi máa ń sọ pé, “Ó ti jẹ ẹ́ rí, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Òótọ́ ni ìyá ń sọ. Jíjẹ tó ti jẹ ẹ́ rí yẹn gan-an ló ṣeé ṣe kó pèsè ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan náà ni àyẹ̀wò awọ ara dá lé. Wọ́n á kán omi èròjà kan sí apá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ojú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Bí ibẹ̀ bá wú tó mìlímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, IgE wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń dènà histamine, bíi Piriton, ní láti dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyẹ̀wò náà á parọ́.

Ta ni wọ́n fi í ṣọ́?

Kò sí ìlú tó máa ń fi oníbodè síbì kan nítorí kó lè máa lé àwọn oníbàárà. Sẹ́ẹ̀lì mast ti wà lára ẹranko tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó din ẹ̀pà. Kí ló wà fún?

Aràn inú wà lára ìdáhùn. Aràn tóbi ju kí sẹ́ẹ̀lì kan gbé e mì. Àfi kí ìfun wú, kí ikun pọ̀, kí inú máa yí, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ dànù. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì mast ń fà náà nìyẹn. Oró kòkòrò àti ti ejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2006, ọ̀wọ́ Stephen Galli ní Stanford fi hàn pé eku tí kò ní sẹ́ẹ̀lì mast tètè ń kú bí oró oyin tàbí oró ejò kan bá wọ ara rẹ̀. Àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì náà ń lo àwọn ohun tó wà nínú kóró rẹ̀ láti já oró náà sí wẹ́wẹ́. Fún àgbẹ̀ tó ń ti inú ìlú yìí lọ sí oko lọ́nà Ìjẹ̀bú tàbí lọ́nà Ìwó láyé ọjọ́un, tí paramọ́lẹ̀ àti agbọ́n ń dúró dè é, oníbodè bẹ́ẹ̀ wúlò ju ohun tí à ń rò lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1996, ọ̀wọ́ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fi hàn pé bí bakitéríà bá ya wọ inú ikùn eku, TNF tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì mast ló ń tètè pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun wá gbà á sílẹ̀.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí “hun”. Ní 2023, ọ̀wọ́ onímọ̀ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Jámánì, tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n mú eku tí ara rẹ̀ ti ní IgE lòdì sí èròjà ẹyin, wọ́n sì gbé omi méjì síwájú rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú èròjà náà, ọ̀kan láìsí. Eku náà yẹra fún omi ẹyin. Nígbà tí wọ́n lo eku tí kò ní sẹ́ẹ̀lì mast, tàbí tí kò ní IgE, ó ń mu ún. Sẹ́ẹ̀lì mast ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó má ṣe fẹnu kàn án mọ́. Ohun tó bá hun ọ́, o ò ní fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Ó jọ pé ara ti ń bu èèwọ̀ fún ara rẹ̀ kí àgbà tó bu ú fún wa.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Brian Greenwood, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Lancet ní 1968. Ó kíyè sí i pé àwọn àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn náà, ó sì dábàá pé àkóràn ibà àti aràn tó ń bá wa gbé láti kékeré ló ń tu ara nínú. Ọdún kan náà ni wọ́n ròyìn pé IgE inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Ethiopia pọ̀ fíìfíì ju ti ọmọ Sweden lọ. Ní 1975, R. C. Godfrey rí i ní Gambia pé IgE àwọn ará oko ga, síbẹ̀ ásímà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Nígbà tó fi máa di 1989 tí David Strachan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àkóràn ìgbà èwe lè máa dáàbò boni lọ́wọ́ ẹ̀hun, irú èrò yẹn ti ti Ìbàdàn jáde ní ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ́ ti Strachan láìgbọ́ ti UCH rí.

Báwo ni aràn ṣe ń tu ara nínú? Aràn fẹ́ pẹ́ nílé onílé, nítorí náà ó ń mú kí ara ṣe IL-10 àti irú rẹ̀, èròjà tó ń pàrọwà fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun. Wọ́n rí i ní Gabon ní 2000 pé àwọn ọmọ tí aràn inú omi, èyí tó ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, wà lára wọn kì í sábà dáhùn sí àyẹ̀wò awọ fún kòkòrò inú eruku. Ní 2004, nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn léraléra, àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fi aràn sílẹ̀ nínú ọmọ o. Aràn ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ọmọ dúró láti dàgbà, ó ń sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀ nínú kíláàsì. Ohun tó yẹ ká gbà nínú rẹ̀ ni pé ìlú ń yí padà, oníbodè sì wà níbi tó wà. Aràn ń dínkù. Tìmùtìmù àti ibùsùn onífóòmù pọ̀ sí i, inú wọn sì ni kòkòrò eruku ń gbé. Aáyán ń sáré lábẹ́ àpótí. Àti kòkòrò eruku àti aáyán ni oníbodè wá ń figbe ta sí. Nígbà tí ìwádìí àgbáyé ISAAC ń béèrè ọ̀rọ̀ ásímà, imú dídí àti eczema lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé láàárín ọdún 1990 sí 1999, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó kópa, lábẹ́ Adégòkè Fáladé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò fàyè gba ẹnikẹ́ni mọ́ láti máa sọ pé àìsàn òyìnbó ni ẹ̀hun.

Yínyún chloroquine: ẹjọ́ tí wọ́n dá fún sẹ́ẹ̀lì mast

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún ní agbo ilé yín nípa chloroquine, kò ní kọ́kọ́ sọ pé ó korò. Á sọ pé ó ń yún èèyàn. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fún wa lóògùn ibà ní ìrọ̀lẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yìn, orí, gbogbo rẹ̀ á máa yún bí ẹni pé èèrà wọ̀ ọ́ lábẹ́ awọ. A fi ìgbálẹ̀ họ ọ́, a fi kànrìnkàn bó o. Ara kì í sì í sábà sú. Awọ á jọ̀lọ̀ bó ṣe wà, yínyún á sì máa lọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òyìnbó tó ń lo oògùn yẹn kan náà kì í sábà rí i.

Gbogbo èèyàn ló gbà pé ẹ̀hun ni, pé histamine ló fà á. Piriton ni wọ́n ń fún wa pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń mú èèyàn sùn, ṣùgbọ́n yínyún náà kì í tán. Àwọn onímọ̀ oògùn wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. A. Olátúndé kọ̀wé ní 1977 lórí ewu tó wà nínú rẹ̀: ẹni tí oògùn bá ń yún kò ní lò ó tán, ibà á sì ṣẹ́kù sí i lára. O. G. Adémọ̀wọ́, Olúgbémiró Ṣódèindé àti O. Walker fi àwọn tí ó ń yún wé àwọn tí kò yún, láti mọ̀ bí ara àwọn méjèèjì ṣe ń lo oògùn náà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2000.

Ìdáhùn tó tú u palẹ̀ dé ní 2009. Ọ̀wọ́ Xinzhong Dong ní Johns Hopkins rí i pé chloroquine ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lára iṣan ìmọ̀lára. Ti èèyàn ni wọ́n ń pè ní MRGPRX1. Eku tí wọ́n yọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kò họra mọ́ bó ti yẹ nígbà tí wọ́n fún un ní chloroquine. Iṣan ni oògùn náà ń bá sọ̀rọ̀ ní tààrà, bí ata Ọjà'ba. Kò béèrè lọ́wọ́ IgE, histamine kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ẹjọ́ tí a ti dá fún sẹ́ẹ̀lì mast fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí Piriton kò fi lágbára lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì tú u sílẹ̀ pátápátá. Ní 2015, ọ̀wọ́ kan náà fi ohun tí ìbátan ilẹ̀kùn yẹn, MRGPRX2, ń ṣe lára sẹ́ẹ̀lì mast fúnra rẹ̀ hàn. Àwọn oògùn kan, bíi ciprofloxacin àti àwọn tí wọ́n fi ń dẹ iṣan fún iṣẹ́ abẹ, lè ti ibẹ̀ ṣí àpò sẹ́ẹ̀lì náà láìsí IgE. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi lè mú èèyàn ní ìgbà àkọ́kọ́ tó lò ó. Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà ní 2005, nítorí kòkòrò ibà ti ń borí rẹ̀, ó sì gba àwọn oògùn tí artemisinin wà nínú wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò mọ yínyún yẹn mọ́, àmọ́ ohun tó kọ́ wa ṣì wà: gbogbo ohun tó bá ń yún kọ́ ni ẹ̀hun.

Nígbà tí gbogbo bodè bá pariwo pọ̀

Ní 1902, Charles Richet àti Paul Portier ní Faransé fẹ́ fi oró ẹranko òkun kọ́ ajá láti fara dà á, bí àjẹsára ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fún ajá ní ìwọ̀n díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ajá náà kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní anaphylaxis, Richet sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1913. Ohun tí wọ́n rí ni sẹ́ẹ̀lì mast káàkiri ara tó tú àpò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò jáde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọ̀fun á wú, èémí á há. Oyin, ẹ̀pà, edé, abẹ́rẹ́ penicillin, èyíkéyìí lè dá a sílẹ̀.

Oògùn kan ló kọ́kọ́ tọ́: adrenaline, ní inú ẹran itan lápá òde. Ti àgbàlagbà jẹ́ 0.5 mg, ti ọmọdé jẹ́ 0.01 mg fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Bí kò bá sàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á tún un fún un. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ padà, ó ń la ọ̀nà èémí, ó sì ń pa sẹ́ẹ̀lì mast lẹ́nu mọ́. Piriton kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Hydrocortisone ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Mo fi gbogbo ọkàn mi sọ èyí, nítorí àwọn méjì yìí ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí, tí àkókò á sì lọ.

Ohun mìíràn wà tí ìwé òyìnbó kò ní sọ fún yín. Àárín agbo ilé Bẹyẹrunka tóóró, ọkọ̀ kì í lè wọlé, ọ̀kadà ni wọ́n máa fẹ́ fi gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, á jókòó gbọọrọ láàárín èèyàn méjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ lè kú ní ìjókòó yẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní padà dé ọkàn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fi ẹní tàbí pákó gbé e ní ìdùbúlẹ̀ dé ojú títì tí ọkọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé èémí ló ni ín lára jù, ẹ jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní nínà, kó má sì dìde rìn.

Ìdánrawò

1. Ọmọ kan jẹ edé fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ wú lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ní èdè tí kò ní orúkọ àǹtíbọ́dì kankan nínú.

2. Kí ló dé tí Piriton fi lè tu ẹni tí ara rẹ̀ sú lẹ́yìn tó jẹ ẹyin lára, tí kò sì lè tán yínyún chloroquine?

3. Ẹ bi àgbàlagbà mẹ́ta ní agbo ilé yín léèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ wọn àti bó ṣe ń hun wọ́n. Èwo nínú àmì tí wọ́n dárúkọ ni sẹ́ẹ̀lì mast lè fà, èwo ni kò lè fà?

4. Ẹ rìn láti Mápó dé Ọjà'ba, kí ẹ kọ ohun mẹ́wàá tó kan imú tàbí awọ ara yín sílẹ̀. Èwo ló ń ta gbogbo èèyàn bí ata, èwo ló ní láti gba ọ̀dọ̀ IgE kọjá, èwo ló lè gba ọ̀nà méjèèjì?